Bí A Ṣe Ń Ṣètò Etí Ẹ̀rọ Ìwáẹja

Ẹjọ́ tí àwọn apẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ ìwáẹja máa ń wá rò fún mi ní Òṣogbo kì í ju méjì lọ. Ti ẹnìkan ni pé ẹja kún ojú ẹ̀rọ òun bámúbámú, síbẹ̀ òfìfo ni àwọ̀n òun ń jáde. Ti ẹlòmíràn ni pé kò sí ohunkóhun lójú ẹ̀rọ tòun, ó mọ́ roro bí omi inú àwo, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kejì ń kó ẹpìyà sínú agbọ̀n lójú òun. Àwọn méjèèjì ló máa ń gbà pé ayédèrú ni wọ́n tà fún wọn. Nígbà tí mo bá sì gba ẹ̀rọ náà wò, kì í sábà sí ohun tó ṣe é. Etí rẹ̀ ni a kò tíì ṣètò. Ọ̀nà tí èmi ń gbà ṣe é ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí, kí ẹni tí kò bá rí mi lè dá a ṣe lórí omi.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń yí. Ẹ̀rọ ìwáẹja kì í ríran, gbígbọ́ ló ń gbọ́. Orí kékeré dúdú tí a máa ń so mọ́ ìdí ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní tránsídúsà, ló ń ké sínú omi pẹ̀lú ohùn tí etí ènìyàn kò lè gbọ́, tí yóò sì dákẹ́ láti gbọ́ gbohùngbohùn tó bá padà wá. Nínú omi, ìró ń rin nǹkan bí mítà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó ju ìlọ́po mẹ́rin bí ó ṣe ń rìn nínú afẹ́fẹ́ lọ. Níbi tí omi bá jìn tó mítà 6, ìró náà yóò lọ, yóò sì bọ̀ kí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá tó pé. Àkókò tí ó fi lọ tí ó fi bọ̀ ni ẹ̀rọ fi ń mọ bí nǹkan ṣe jìn sí. Bí gbohùngbohùn náà ṣe le tó ló sì ń pinnu àwọ̀ tí yóò fi ya nǹkan náà sójú.

Ohun tí wọ́n kọ Sensitivity sí lára ẹ̀rọ Lowrance àti Humminbird, tí Garmin kọ Gain sí, kì í ṣe agbára igbe tí ẹ̀rọ ń ké. Bí ẹ yí i sókè títí dé òpin, ẹ̀rọ kò ní ké ju bí ó ti ń ké tẹ́lẹ̀ lọ. Etí rẹ̀ nìkan ni yóò mú sí i, nítorí pé gbogbo ohùn tó bá padà wá ni yóò máa gbé sókè kí ó tó yà wọ́n, ìbáà ṣe ti ẹja, ìbáà ṣe ti ewé tó ń jẹrà, ìbáà ṣe ti ìfófòó omi lásán. Ẹni tó bá dúró sí Ọjà Ọba nígbà tí ọjà kún, tó ń tẹ́tí sí ohùn ẹnìkan ṣoṣo tó ń pè é láti ọ̀nà jíjìn, yóò mọ ohun tí mo ń sọ: bí ó bá di etí, kò ní gbọ́ ìpè náà; bí etí rẹ̀ bá sì ń gba gbogbo ohùn tó wà lọ́jà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní mọ èyí tó jẹ́ ti ẹni tó ń pè é. Iṣẹ́ wa ni láti wá ibi tó wà láàárín àwọn méjèèjì, ibẹ̀ kò sì dúró sójú kan, nítorí omi tònìí kì í ṣe omi àná.

Kí a tó fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan, ó yẹ kí a yẹ àwọn nǹkan kan wò, nítorí pé ọ̀pọ̀ àbùkù tí a fi ń dá etí ẹ̀rọ lẹ́bi kò ti ibẹ̀ wá. Orí tránsídúsà gbọ́dọ̀ rì sínú omi dáadáa, kí ojú rẹ̀ sì kọ sí ìsàlẹ̀ tààrà. Bí ó bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìsàlẹ̀ omi yóò máa hàn bí ẹni pé ó jìn ju bó ṣe rí lọ, àwòrán ẹja yóò sì máa rí wọ́gọwọ̀gọ. Ìfófòó tó ń jáde lábẹ́ ọkọ̀ bí a ti ń wakọ̀ kò gbọ́dọ̀ máa gba ojú rẹ̀ kọjá, nítorí pé ìró kì í la afẹ́fẹ́ kọjá láti inú omi, ṣe ló máa ń ta padà. Bí ewéédò bá ti bò ó, aṣọ rírọ̀ àti ọṣẹ tó fún un. Ẹ má fi ọ̀bẹ họ ọ́. Bátìrì fólítì 12 tí a ń lò gbọ́dọ̀ kún. Bí ẹ bá ń fi bátìrì kan náà gba iná sí fóònù, ẹ yọ fóònù náà kúrò ná, nítorí pé iná tí kò dúró déédéé máa ń ya ìlà tééré sójú ẹ̀rọ, àwọn kan á sì máa rò pé ọ̀wọ́ ẹja ló ń kọjá. Bákan náà ni ó rí bí ọkọ̀ méjì tó ní irú ẹ̀rọ kan náà bá sún mọ́ra jù: igbe ọ̀kan á máa bọ́ sí etí èkejì.

Ibi tí a ó ti kọ́ ọ ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ẹ má kọ́kọ́ gbé e lọ sí ibi tí ẹ kò dé rí. Ibi tí ẹ ti fi ọ̀pá wọn omi, tí ẹ mọ̀ pé ẹrẹ̀ ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ tàbí òkúta wẹ́wẹ́, ni kí ẹ lọ, kí ẹ lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni ẹ̀rọ ń sọ. Odò Erinlẹ̀, tó ń ṣàn wọ inú Ọ̀ṣun, ni èmi fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí, pàápàá omi dáàmù tó wà ní apá Òkinni, nítorí pé omi ibẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, ó sì jìn tó láti fi kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí Ọ̀ṣun ti gba inú Igbó Ọ̀ṣun kọjá kì í ṣe ibi ìpẹja rárá, àti ẹ̀rọ àti ìwọ̀ kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe níbẹ̀. Ìlú tí orúkọ oyè ọba rẹ̀ ń jẹ́ Àtáọ́jà, ìyẹn ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja, kò nílò kí a tún ṣe àlàyé èyí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ẹ bá dé orí omi, ẹ sọ ìdákọ̀ró sílẹ̀ kí ọkọ̀ dúró. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Fish ID tàbí Fish Symbols sí, kí ẹ sì pa á. Àwòrán ẹja kéékèèké tó ń yọ lójú ẹ̀rọ yẹn dùn-ún wò, ṣùgbọ́n àbá lásán ni ẹ̀rọ ń dá. Ó lè ya ẹ̀ka igi ní ẹja, ó lè ya ìfófòó ní ẹja, àwòrán náà sì ni ó bo ohun tó yẹ kí ojú yín rí mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fi gbohùngbohùn náà hàn yín bí ó ṣe rí gan-an.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yí ìwọ̀n jíjìn tó ń hàn lójú ẹ̀rọ kúrò lórí Auto, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ti ń dá a yàn fúnra rẹ̀, kí ẹ sì fi í sí ìlọ́po méjì jíjìn omi, kí ó lé díẹ̀. Bí omi bá jìn tó mítà 5, ẹ fi í sí mítà 12. Yóò jọ yín lójú pé kò sí ohun tí ẹ fẹ́ wò lábẹ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹlẹ́rìí wa wà. Ìró tó bá lọ sí ìsàlẹ̀ omi yóò padà wá sókè, yóò ta lára ojú omi, yóò tún sọ̀ kalẹ̀, yóò sì padà wá lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí ọ̀nà méjì tó rìn yìí, ẹ̀rọ yóò ya ìsàlẹ̀ kejì sí mítà 10, ní abẹ́ ìsàlẹ̀ gidi tó wà ní mítà 5. Gbohùngbohùn tó rìn tó bẹ́ẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́. Bí etí ẹ̀rọ bá lè gbọ́ ọ, ó ti mú tó láti gbọ́ ẹja nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí Sensitivity wà lórí Auto fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, kí ẹ wo irú àwòrán tó ń mú wá, lẹ́yìn náà kí ẹ gbà á sọ́wọ́ yín. Lára ẹ̀rọ kan, nọ́ńbà rẹ̀ ń lọ láti 0 dé 20. Lára òmíràn, láti 0 dé 100. Ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí ìsàlẹ̀ kejì yóò fi yọ. Ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ gbé e sókè sí i títí ojú ẹ̀rọ yóò fi kún fún ẹ̀kán kéékèèké bí ìgbà tí ènìyàn da gàrí sórí aṣọ dúdú. Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú yín rí i, kí ẹ lè mọ̀ ọ́n bí ó bá yọ sí yín lọ́jọ́ mìíràn. Nígbà náà ni kí ẹ wá máa dín in kù, nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀kan, títí ẹ̀kán yóò fi lọ tí yóò ku ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí ìsàlẹ̀ kejì yóò sì ṣì máa hàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ibẹ̀ ni. Ẹ dá ìwọ̀n jíjìn padà sí bó ṣe wà, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Ohun méjì ló máa ń da àwọn ènìyàn rú níbí. Èkínní, ọwọ́ ọ̀tún ojú ẹ̀rọ ni àwòrán tuntun ń gbà wọlé. Èyí tó wà lápá òsì ti di ìtàn. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá yí nọ́ńbà, ẹ dúró kí àwòrán tuntun kún ojú ẹ̀rọ díẹ̀ kí ẹ tó dájọ́. Èkejì, ní ibi tí ẹrẹ̀ rírọ̀ bá nípọn, ìsàlẹ̀ kejì lè má yọ rárá, nítorí pé ẹrẹ̀ ń gbé ìró mì, òkúta àti yanrìn líle ló ń dá a padà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fipá mú un. Ẹ̀kán nìkan ni kí ẹ fi ṣe atọ́nà: ẹ gbé nọ́ńbà sókè títí ẹ̀kán yóò fi tàn káàkiri, kí ẹ sì dín in títí yóò fi tán lójú ẹ̀rọ.

Ìdánwò kan wà tí mi ò jẹ́ fò, ìyẹn ìdánwò òjé. Bàbá kan tó ti ń pẹja kí wọ́n tó bí mi ló jẹ́ kí n mọ iyì rẹ̀. Ó ti gbé Sensitivity ẹ̀rọ rẹ̀ dé òpin, kò sì fẹ́ kí n dín in. Ó ní, "Ọmọ mi, owó tí mo san pọ̀. Gbogbo agbára rẹ̀ ni mo fẹ́ máa lò." Mi ò bá a jiyàn. Mo tú òjé kan tí kò tóbi ju èkùrọ́ lọ lára àwọ̀n tó ti gbó, mo so ó mọ́ okùn ìwọ̀, mo sì ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi èyí sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀rọ yìí." Ó fi í sọ̀ kalẹ̀. Àwa méjèèjì tẹjú mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀kán kún ibẹ̀, kò sí ẹni tó lè tọ́ka sí òjé láàárín wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dín nọ́ńbà kù. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n dé ìdajì, ìlà kan yọ láàárín ojú ẹ̀rọ, ó tín-ín-rín bí irun ẹṣin, ó sì lọ gbọọrọ. Bàbá fa okùn sókè díẹ̀, ìlà náà gùnkè. Ó tún un fi sọ̀ kalẹ̀, ìlà náà sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣe é tó ìgbà mẹ́rin láìsọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Ibí ló wà látàárọ̀!"

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú ìdánwò yìí, ẹ rí i pé òjé náà kò jìnnà sí abẹ́ tránsídúsà, nítorí pé ìró náà ń tàn bí ẹnu àrọ tí a dojú rẹ̀ dé: ó kéré lókè, ó fẹ̀ nísàlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré, igbe 200 kHz (kHz ni a fi ń ka bí ìró ṣe ń gbọ̀n léraléra sí ní ìṣẹ́jú àáyá kan) máa ń tàn ní nǹkan bí dígírì 20, tí ti 83 kHz sì tó dígírì 60. Níbi tí omi bá jìn tó mítà 5, ti àkọ́kọ́ yóò bo ilẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó mítà 2, ti èkejì yóò sì bo nǹkan bí mítà 6. Ẹ tún mọ̀ pé bí etí ẹ̀rọ bá ṣe ń mú sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbọ́ ohun tó wà lẹ́bàá ìró náà, kì í ṣe ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀ nìkan. Èyí wúlò fún ẹni tó ń ju àwọ̀n. Ó lè ṣi ẹni tó ń fi ìwọ̀ pẹja lọ́nà.

Irú ẹja tí ẹ ń wá náà ní ìtumọ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú àpò ikùn ẹja ló ń dá ìró padà jù, ju ẹran ara rẹ̀ lọ. Ẹpìyà ní àpò yìí dáadáa, ó sì máa ń rìn lókè ilẹ̀ omi. Kì í ṣòro láti rí. Àrọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àpò tirẹ̀ kéré, egungun sì bò ó, gbohùngbohùn tó ń mú wá kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára; ó tún wá fẹ́ràn láti máa dùbúlẹ̀ sórí ẹrẹ̀, débi pé ara rẹ̀ a máa pa pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ omi lójú ẹ̀rọ. Fún àrọ̀, mo máa ń gbé nọ́ńbà sókè díẹ̀ ju ti ẹpìyà lọ, mo máa ń lo 200 kHz, mo sì máa ń sún ìsàlẹ̀ omi mọ́ ojú pẹ̀lú Bottom Zoom. Ìdí tí mo fi yan 200 kHz ni pé ẹ̀gbẹ́ ìró tó fẹ̀ máa ń kan ilẹ̀ lọ́nà tó gùn ju ti àárín lọ: nínú omi tó jìn tó mítà 6, ẹja tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìró dígírì 60, tí kò fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 80 ga ju ilẹ̀ lọ, lè sápamọ́ sínú àwòrán ilẹ̀; ṣùgbọ́n pẹ̀lú dígírì 20, ibi ìsápamọ́ náà kò tó sẹ̀ǹtímítà 10. Síbẹ̀, kò sí bí a ṣe lè ṣètò etí ẹ̀rọ tí yóò fi àrọ̀ tó ti wọ inú ẹrẹ̀ hàn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń retí kí gbogbo ẹja yọ bí ọrun tí a tẹ̀. Ọrun ń yọ nígbà tí ẹja bá la inú ìró kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì: ó jìnnà bí ó ti ń wọlé, ó sún mọ́ nígbà tó dé àárín, ó sì tún jìnnà bí ó ti ń jáde. Bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹja náà sì dúró lábẹ́ rẹ̀, ìlà gbọọrọ ni yóò yà. Nínú omi tí kò jìn, ìró kò tíì fẹ̀ tó kí ọrun tó pé, ìdajì ọrun tàbí èérún kékeré tó nípọn ni ẹ ó máa rí. Ẹ má torí pé kò tẹ̀ bí ọrun kí ẹ máa gbé Sensitivity sókè.

Ní ti àsìkò, ẹni tó bá ṣètò ẹ̀rọ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ kò gbọdọ̀ retí pé nọ́ńbà náà yóò bá òjò mu. Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ kíkankíkan, tí omi Erinlẹ̀ pọ́n, tó ń gbé ewé àti erùpẹ̀ bọ̀, ẹ ní láti dín in kù, nítorí pé gbogbo ìdọ̀tí tó léfòó nínú omi ló ń dá ìró padà. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí omi bá ti tòrò, ẹ lè gbé e sókè. Bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá ń ru ojú omi, ẹ̀kán yóò pọ̀ ní mítà àkọ́kọ́ lókè nìkan. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ Sensitivity, Surface Clarity, ìyẹn ètò tó ń dín ariwo ojú omi kù, ni kí ẹ lò fún un. Nínú omi tí kò jìn tó mítà 2, ẹ jẹ́ kí ó wà nísàlẹ̀, nítorí pé gbohùngbohùn ń padà wá pẹ̀lú agbára púpọ̀, ìsàlẹ̀ kejì àti ìkẹta á sì kóra jọ láìjẹ́ pé ẹ wá wọn.

Noise Rejection, ìyẹn ètò tó ń pa ariwo rẹ́, wà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn láti sáré gbé e sókè bí ẹ̀kán bá yọ. Èmi máa ń fi í sílẹ̀ títí n ó fi ṣètò etí tán, nítorí pé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ariwo àti ẹja kékeré, ó lè pa àwọn méjèèjì rẹ́ pọ̀.

Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ fi ọ̀rá wé e kí omi má baà bà á jẹ́, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sínú rẹ̀ lójoojúmọ́: ọjọ́, ibi tí ẹ dé, bí omi ṣe jìn tó, bóyá ó pọ́n tàbí ó tòrò, nọ́ńbà tí ẹ fi Sensitivity sí, àti ohun tó bọ́ sínú àwọ̀n. Ìwé tèmi ní ojú ewé kan fún omi tó tòrò, òmíràn fún omi tó pọ́n. Bí mo bá ti dé orí omi, èyí tó bá àwọ̀ omi mu ni mo máa ń ṣí. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, òjé ni mo sì fi ń dán an wò kí n tó ju àwọ̀n.